Láti ọwọ́ olùkọ́ sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́: bí iṣẹ́ onífayolíìnì ṣe ń lọ

Ọrùn gìtá ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò lójú rẹ̀, àwọn irin náà ló ń sọ fún ìka ibi tí yóò tẹ̀. Fayolíìnì kò ní nǹkan bẹ́ẹ̀. Okùn mẹ́rin ló ní, igi tó wà lábẹ́ wọn dán, kò sí àmì kankan lójú rẹ̀. Bí ìka bá fi ìwọ̀n ìbú okùn kan péré kọjá ibi tó yẹ, ohùn ti yẹ̀ nìyẹn, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló sì máa mọ̀. Ẹni tó bá mọ gòjé inú orin sákárà ti mọ ìbátan rẹ̀. Okùn kan ni gòjé ní, ṣùgbọ́n irun ẹṣin ni wọ́n ń fà lójú okùn àwọn méjèèjì kí ohùn tó jáde. Oje igi tó ti gan ni onífayolíìnì fi ń pa irun ẹṣin tó wà lára ọ̀pá tó fi ń ta á. Láìsí oje yìí, irun á kàn máa yọ̀ lórí okùn ni, kò ní dún.

Nítorí pé kò sí àmì lójú igi, ìwé nìkan kò lè kọ́ ènìyàn ní fayolíìnì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ náà, kó fọwọ́ tún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣe, kó ní, "Ìka kẹta ti lọ jù, tún un gbọ́." Bí ọmọ Àyàn ṣe ń kọ́ ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ náà nìyẹn, àfi pé níbí, olùkọ́ ló rọ́pò bàbá. Ìdí rèé tí onífayolíìnì tó gbajúmọ̀ fi máa ń lè ka olùkọ́ rẹ̀, àti olùkọ́ olùkọ́ rẹ̀, títí dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, bí ẹni ń ka oríkì ìdílé.

Leopold Auer ló fi bí iṣẹ́ yìí ṣe rí hàn jù. Ọdún 1845 ni wọ́n bí i ní Veszprém, ní ilẹ̀ Họ́ngárì, sílé tí owó kò pọ̀ sí. Ó kọ́ṣẹ́ ní Budapest àti Vienna, lẹ́yìn náà ló lọ bá Joseph Joachim, onífayolíìnì olókìkí, ní Hannover. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó di olórí àwọn onífayolíìnì nínú ọ́kẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin ńlá, ti ìlú Düsseldorf, ó sì tún ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Hamburg. Ìjókòó iwájú pátápátá ni olórí yìí máa ń wà, nítòsí ẹni tó ń darí orin. Òun ló ń pinnu ibi tí gbogbo wọn yóò ti fa ọ̀pá sókè tàbí fà á sílẹ̀, kí ọwọ́ ọgbọ̀n ènìyàn lè máa lọ bí ọwọ́ ẹnìkan.

Ní 1868, ilé ẹ̀kọ́ orin ìlú St Petersburg ní Rọ́ṣíà bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta. Ọdún 49 ló lò níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe jẹun láàárín àkókò náà kì í ṣe iṣẹ́ kan. Ó ń kọ́ni, ó ń dá ta fayolíìnì nílé eré ọba nígbà tí àwọn oníjó bá wà lójú agbo, ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́rin, ó sì tún ń rìnrìn àjò lọ ṣeré fúnra rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ onífayolíìnì ṣe ń gbé ayé wọn títí di òní nìyẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fi eré nìkan jẹun. Owó eré ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, aṣojú tó bá a wá eré náà á yọ ti tirẹ̀, owó ọkọ̀ àti ilé ìtura sì tún wà níbẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ ló ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìtàn kan wà tó fi hàn bí eré àti ẹ̀kọ́ ṣe ń wọ inú ara wọn. Ní 1878, Tchaikovsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń kọ orin sílẹ̀, kọ concerto fayolíìnì rẹ̀, ìyẹn orin tí onífayolíìnì kan ń ta tí ọ́kẹ́sítírà ń gbè é, ó sì fi ṣe ẹ̀bùn fún Auer kó lè kọ́kọ́ ta á níta. Auer kò gbà. Ó ní àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tí kò bá ọwọ́ fayolíìnì mu. Onífayolíìnì míì, Adolph Brodsky, ló padà ta á fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Vienna ní 1881, Tchaikovsky sì yọ orúkọ Auer kúrò lára orin náà, ó fi ti Brodsky sí i. Nígbà tó yá, Auer yí ọkàn padà. Ó tún àwọn ibi tó rí bí ìṣòro ṣe, ó sì fi orin náà kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn yẹn ló sì ń gbé e kiri ayé. Orin tó kọ̀ láti gbé jáde gẹ́gẹ́ bí eléré, ọwọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ náà ló sì gbà kọjá.

Kíláàsì rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. Iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ta orin, dùùrù á máa gbè é bí ẹni pé òde eré gan-an ni. Auer kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí ìka ṣe ń tẹ okùn. Ó fẹ́ kí ọmọ ti yanjú ìyẹn nílé tàbí lọ́dọ̀ àwọn igbákejì rẹ̀ kó tó wá. Ohun tó ń bá a fà ni ìtumọ̀ orin.

Ibẹ̀ ni Jascha Heifetz ti jáde, ọmọ Vilnius tí wọ́n bí ní 1901. Òfin Rọ́ṣíà ìgbà náà kò jẹ́ kí àwọn Júù gbé ní St Petersburg bó ṣe wù wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ gba ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn òbí kò ní ẹ̀tọ́ láti bá a dúró. Auer bá fi orúkọ bàbá náà sílẹ̀ pẹ̀lú, bàbá ọlọ́mọ di akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kí wọ́n lè jọ wà ní ìlú. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ìyẹn náà, bí kò tilẹ̀ sí okùn kankan níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1917, Heifetz ta fayolíìnì ní gbọ̀ngàn eré Carnegie Hall ní New York, ọmọ ọdún 16 ni. Ọdún tó tẹ̀lé e, Auer fúnra rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ní Rọ́ṣíà, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kíkọ́ níbẹ̀. Heifetz náà padà di olùkọ́ ní California.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọ́kẹ́sítírà lóde òní sábà máa ń gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kọjá. Wọ́n á ta aṣọ sí àárín ẹni tó ń ta orin àti àwọn adájọ́, kí wọ́n má baà mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, dúdú tàbí funfun. Ọ́kẹ́sítírà Boston wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò, ní 1952. Àwọn míì tún ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ìró bàtà má baà tú obìnrin fó. Ẹni tó wá fún ìdánwò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Bó bá ní ìbéèrè, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí ẹni tó mú un wọlé létí, ìyẹn á wá bá a bèèrè. Abala concerto Mozart kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ ta, lẹ́yìn náà ni ègé kéékèèké láti inú iṣẹ́ ọ́kẹ́sítírà. Oṣù bíi mélòó kan ìmúrasílẹ̀ lè parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá mú un pàápàá, wọ́n á tún ṣọ́ ọ fún sáà kan kí iṣẹ́ tó di tirẹ̀.

Ara náà ń jẹ nínú ìyà iṣẹ́ yìí. Àgbọ̀n àti èjìká òsì ló ń di igi náà mú fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, ọrùn àti ẹ̀yìn á sì máa dunni. Igi náà ní àìsàn tirẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, pákó á gbẹ, á sún kì, ibi tí wọ́n fi àtè lẹ̀ lè ṣí, èèkàn tó di okùn mú á sì máa yọ̀. Àwọn tó ń kọ́ fayolíìnì nílé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Onikan l'Ékòó kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó àti ọyẹ́ oṣù kìíní kì í bá pákó kan náà lò bákan náà.

Àwọn kan wà tí ẹ̀kọ́ kíkọ́ ni òkìkí wọn. Dorothy DeLay jẹ́ igbákejì Ivan Galamian, olùkọ́ fayolíìnì, nílé ẹ̀kọ́ orin Juilliard ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dá dúró. Galamian le, àkàbà ohùn, ìyẹn títa ohùn lẹ́sẹẹsẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ni á fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ ṣe é bí òun ṣe wí. DeLay ní tirẹ̀ máa ń bi ọmọ léèrè ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbọ́ nínú orin. Itzhak Perlman, onífayolíìnì olókìkí, gba ọwọ́ àwọn méjèèjì kọjá. Òun náà ń kọ́ni ní Juilliard báyìí.

Gbogbo rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré kan náà. Fayolíìnì ọmọ ọdún márùn-ún kò gùn ju apá rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ kò sì tíì mọ ìgbà tí okùn bá dẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á yí èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ohùn okùn á fi bára mu, á sì dá a padà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bóyá fún ọdún kan, bóyá fún mẹ́ta. Ọjọ́ kan á wá dé tí ọmọ á na fayolíìnì sí i bó ṣe máa ń ṣe, tí olùkọ́ á ká ọwọ́ kò, tí á ní kó yí i fúnra rẹ̀.