Fífi máíkírósíkóòpù wọn púrótéènì tó ń jò lára asẹ́ kídìnrín

Púrótéènì jíjò ni pé kí púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá albumin, gba ara asẹ́ kídìnrín kọjá bọ́ sínú omi tó máa di ìtọ̀. Glomerulus lorúkọ asẹ́ yìí, kídìnrín kọ̀ọ̀kan ní tó mílíọ̀nù kan, gbogbo wọn sì ń sẹ́ omi bíi lítà 180 lóòjọ́. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì n'Ífẹ̀ ti mọ bó ṣe rí, omi ògì á gba ara aṣọ kọjá, èèrí á dúró sókè, àmọ́ tí aṣọ bá ti ya, èèrí á bá ògì lọ.

N'Ífẹ̀ àti Iléṣà, níbi tí OAUTHC (ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀) ti ní ọsibítù (Wesley Guild ni ti Iléṣà), bíi ti ibi gbogbo, ìtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Wọ́n á ti ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ìtọ̀, ojú kan wà lára ẹ̀ tó jẹ́ yẹ́lò, tó bá ti ń di gíríìnì, púrótéènì wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìtọ̀ ò lè sọ ibi tó ti jò, ṣé asẹ́ ló ya ni àbí òpó kéékèèké tó yẹ kó ṣa albumin tó bọ́ padà ni ò ṣiṣẹ́.

Wọ́n lè gé ẹran kídìnrín bíńtín kí wọ́n fi máíkírósíkóòpù elẹ́kítírọ́ọ̀nù wò ó, wọ́n á rí i bóyá ẹsẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó di asẹ́ mú ti tẹ́ pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ẹran tó ti kú nìyẹn, kò sóhun tó ń jò níbẹ̀ mọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lo máíkírósíkóòpù two-photon, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wo inú ẹran tó ṣì wà láàyè. Maria Göppert-Mayer ló ti sọ nípa ìmọ̀ ẹ̀ ní 1931, Denk, Strickler àti Webb wá fi ṣe máíkírósíkóòpù ní Amẹ́ríkà ní 1990. Eku Munich Wistar ni wọ́n sábà máa ń lò, torí díẹ̀ nínú asẹ́ kídìnrín tiẹ̀ wà lókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ lè dé. Wọ́n á kun eku náà lóorun, wọ́n á fa albumin tí wọ́n ti re láró pupa sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe tàn tó nínú ẹ̀jẹ̀ àti bó ṣe tàn tó nínú àyè tó yí asẹ́ ká, wọ́n á wá fi ti ẹ̀jẹ̀ pín tàyè yẹn. Iye tó bá jáde ló ń sọ ìdá albumin tó ń gba ara asẹ́ kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ fa omi tí asẹ́ sẹ́ tẹ́lẹ̀ ti rí iye yìí bíi 0.0006, àmọ́ ní 2007 àwọn kan ní Indiana fi two-photon rí 0.034. Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn ṣírò ẹ̀: albumin inú lítà omi ẹ̀jẹ̀ kan tó gíráàmù 40, lọ́nà 180, ó di 7,200. Tó bá jẹ́ 0.034, bíi gíráàmù 245 ló ń bọ́ lóòjọ́, tó bá jẹ́ 0.0006, kò pé 5, bẹ́ẹ̀ albumin inú ìtọ̀ ẹni tára ẹ̀ yá kìí sábà tó mílígíráàmù 30 lóòjọ́. A jẹ́ pé tó bá jẹ́ 0.034, àwọn òpó tó ń ṣa albumin padà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú.

Ní 2009, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Tanner fi two-photon tún un wọ̀n, ó rí 0.002 sí 0.004, ó sì fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ta wá láti ibòmíì lè mú kí àyè yẹn dà bí ibi tí albumin pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ya fọ́tò kí aró tó wọlé rárá, torí ẹran kídìnrín fúnra ẹ̀ ń tàn díẹ̀, wọ́n á sì yọ ìyẹn kúrò kí wọ́n tó pín.