Kẹ̀kẹ́ Bàbá Yín, Ti Faransé Ni àbí Ti Gẹ̀ẹ́sì?

Ààlà kò jìnnà sí wa ní Kétu, ìdí nìyẹn tí oríṣi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ méjì fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi: Peugeot àti Motobécane ti Faransé, àti Raleigh ti Gẹ̀ẹ́sì tó ti Nàìjíríà gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ wọlé. Bí wọ́n bá ti tún wọn kùn, ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ihò ìsàlẹ̀ férémù, níbi tí ọ̀pá pẹ́dàlì gbà kọjá, ló ń tú àṣírí.

Ife irin méjì ló wà níbẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì (ilà yíyípo ara irin, bíi ti bóòtù) ló dè wọ́n mọ́ férémù. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ife ọ̀tún, lápá ṣéènì, òdì ló ń yí: bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni ẹ ó yí i kó tó tú. Ti Faransé tó wọ́pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, bí bóòtù gbogbo ni méjèèjì ń tú. Ẹni tí kò mọ̀, tó ki páìpù bọ ìdí sípánà kó lè lágbára, ńṣe ló ń dè é le sí i. Mo ṣe é rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Tírẹ́ẹ̀dì inú férémù ya, ojú tí baba tó ni kẹ̀kẹ́ fi wò mí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ fi kálípà, irin tí a fi ń wọn ìbú nǹkan, wọn ife náà. Ti Faransé jẹ́ mìlímítà 35, ti Gẹ̀ẹ́sì bí 34.8, ilà tírẹ́ẹ̀dì 24 nínú ínǹṣì kan (àwọn Raleigh kan ń jẹ́ 26). Ìyàtọ̀ yẹn kéré débi pé ọ̀kan á wọ inú èkejì díẹ̀, á sì há.

Bí ife náà bá ti dógùn-ún, ẹ ta òróró sí i kó sùn mọ́jú. Lẹ́yìn tí ife bá ti jáde ni táàpù, tí a fi ń tún tírẹ́ẹ̀dì inú férémù gé. Ẹ má fi í wọlé ní gbígbẹ: òróró, yíyí ààbọ̀ síwájú, ìdámẹ́rin padà sẹ́yìn kí ìdọ̀tí irin lè já. Bí ó bá le ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dúró. Táàpù tí kì í ṣe ti férémù yẹn ni.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá férémù wọ́, ẹ tún na okùn láti ibi tí táyà ẹ̀yìn wọ̀ lápá kan, yí ọrùn férémù po, padà sápá kejì. Àlàfo okùn sí ọ̀pá ìjókòó gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Irin tó wọ́ ṣeé tọ́, ṣùgbọ́n aluminium kò ṣeé fọwọ́ yí, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ ra ife tuntun lọ́jà, ẹ mú èyí tó ti gbó dání. "Ti kẹ̀kẹ́ ńlá" kò tó láti sọ fún ọlọ́jà.