Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó ń pa kòkòrò àrùn: ṣé kí n pààrọ̀ tèmi?

Láti ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà gbòde ni ìròyìn kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu: ọwọ́ ilẹ̀kùn onídẹ máa ń pa kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tún ilé ṣe gbọ́ ọ, wọ́n lọ ra èyí tó pọ́n tó sì ń dán, ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó pọ́n bí idẹ kì í ṣe idẹ, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ti ń pọ̀ sí i.

Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni?

Òótọ́ ni, àmọ́ bàbà ló ni agbára náà. Bàbà àti síńkì ni wọ́n ń pò pọ̀ di idẹ, ìdí nìyẹn tí idẹ fi ní in lára. Ní ọdún 2008, EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, forúkọ bàbà àti àwọn irin tí wọ́n fi bàbà pò sílẹ̀ pé wọ́n ń pa bakitéríà: láàárín wákàtí 2, ó ju 99.9 lọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn bakitéríà tí wọ́n fi dán an wò tó kú. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lórí fáírọ́ọ̀sì Kòrónà. Lórí bàbà, wọn ò rí ààyè rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn wákàtí 4. Lórí ike àti irin tí kì í dípẹtà, wọ́n ṣì rí i títí di wákàtí 72.

Ẹ kíyè sí wákàtí wọ̀nyẹn. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ sọ́wọ́ tó sì di ilẹ̀kùn mú ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú yín, idẹ ò tíì parí iṣẹ́ kankan.

Kí ló dé tí tèmi lè má pa nǹkan kan?

Nítorí pé orúkọ àwọ̀ ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, wọn ò kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ilẹ̀kùn "aláwọ̀ idẹ" jẹ́ síńkì tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe, tí wọ́n wá fi irin mìíràn tó fẹ́lẹ́ bò lára. Ẹ̀wù ni àwọ̀ yẹn, kì í ṣe ara. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń gbé àwọ̀ lé lórí nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. PVD ni wọ́n ń pè é. Ó le gan-an, kì í tètè họ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń wá àwọ̀ tí yóò pẹ́. Àwọ̀ náà ló ṣì jẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó ra idẹ gidi. Kí idẹ má baà ṣú, wọ́n sábà máa ń kun ọ̀dà tó mọ́ gaara bí omi sí i lára. Ojú ò rí ọ̀dà náà, ṣùgbọ́n ó ti dúró láàárín ọwọ́ àti bàbà. EPA pàápàá sọ ọ́ di àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ kun nǹkankan bo irin náà.

Tí mo bá ṣí ọ̀dà náà kúrò, ṣé kò ní ṣú?

Yóò ṣú, ṣùgbọ́n ṣíṣú ò dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Báwo ni mo ṣe máa dá idẹ mọ̀?

Ẹ mú òòfà dání. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin lásán ló wà lábẹ́. Bí kò bá lẹ̀, ẹ má tíì yọ̀, nítorí òòfà kì í lẹ̀ mọ́ síńkì náà. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo inú ihò síkúrù àti ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ìbòrí kì í dé dáadáa: bó bá pọ́n wọnú, idẹ ni, bó bá rí bí eérú, síńkì ni. Ẹ tún gbé e wò. Idẹ máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 8.5 nínú sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan, síńkì tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn kò sì ju nǹkan bíi 6.7 lọ. Bí méjì bá tóbi bákan náà, ọwọ́ yín á mọ ìyàtọ̀.

Ilé mi wà létí òkun ńkọ́?

Ẹ wá irin tí kì í dípẹtà, kí ẹ sì béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Chromium, irin kan tí wọ́n pò mọ́ ọn, tó kéré tán 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń pàdé afẹ́fẹ́ tó fi ń hu awọ tín-ínrín sí i lára; bí nǹkan bá ha á, awọ náà á tún hù. Iyọ̀ etí òkun ló ń dá awọ yẹn lu. Nọ́ńbà 304 dára fún inú ilé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 316 ní molybdenum, irin mìíràn tó ń bá iyọ̀ jà. Òun ni kí ẹ rà fún ìta.

Ẹ má fi síkúrù irin lásán de hínjì onídẹ níbi tí omi ń dé. Irin yóò tètè jẹ. Síkúrù idẹ ló yẹ ẹ́, ó kàn rọ̀ ni, orí rẹ̀ sì máa ń já. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi síkúrù irin tó bá a dọ́gba lanà sínú igi, á yọ ọ́, kó tó wá fi ti idẹ síbẹ̀.

Ìwọ̀n wo ni kí n mú lọ sọ́jà?

Fún kọ́bọ́ọ̀dù, láti àárín ihò kan sí àárín ìkejì: 96, 128 tàbí 160 mìlímítà ló wọ́pọ̀. Fún ilẹ̀kùn, bí igi rẹ̀ ṣe nípọn tó, àti láti etí rẹ̀ dé àárín ihò ọwọ́.

Ṣé gbogbo irin inú ilé gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ kan náà?

Rárá.

Mo gbọ́ pé òjé wà nínú idẹ. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Ti ọwọ́ ilẹ̀kùn kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ti ẹ̀rọ omi ni. Wọ́n máa ń fi òjé díẹ̀ sínú idẹ kó lè rọrùn láti gbẹ́, omi tó sùn mọ́jú nínú rẹ̀ sì lè fà á. Láti ọdún 2014, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí òjé ibi tí omi ń kàn ju 0.25 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá àmì pé kò ní òjé, kí ẹ sì jẹ́ kí omi àárọ̀ ṣàn díẹ̀ kí ẹ tó bu mímu.

Ewu ńlá wà nínú ọ̀dà àtijọ́ tó bo hínjì àti férémù. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé. Ẹ má ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú yín, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ gbé àwọn ọmọ kúrò nítòsí, nítorí ekuru rẹ̀ ló ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ṣé kí n wá pààrọ̀ tèmi?

Bó bá ṣì ń ṣí tó ń tì, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ máa fi ọṣẹ nù ún. Bí ẹ bá ti fẹ́ pààrọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi idẹ tí wọn ò kùn sí ilẹ̀kùn àbáwọlé àti ti ilé ìyàgbẹ́, ibi tí ọwọ́ pọ̀ sí jù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ irin tí wọ́n fi ṣe é sínú rìsíìtì.