Alábàárù Ogún

Ní Òṣogbo, bí bàbá bá kú tó sì fi ìwé ìhágún sílẹ̀, ẹni tí ẹbí kọ́kọ́ máa ń fojú burúkú wò ni ẹni tí olóògbé yàn pé kó mú ìwé náà ṣẹ. Wọn ò ní tíì ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán tí ẹnu á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: "Orúkọ ẹ̀ ni bàbá kọ síbẹ̀, òun ló jogún gbogbo ẹ̀." Irọ́ gbáà ni. Alábàárù lásán ni.

Alábàárù tó gbérù ní Ọjà Ọba kọ́ ló ni iṣu inú agbọ̀n. Ibi tí ẹlẹ́rù bá ní kó gbé e lọ ló ń gbé e lọ, kò gbọdọ̀ bù ú tà lójú ọ̀nà. Bí iṣu bá sì dá lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò san án. Bẹ́ẹ̀ náà lòfin rí sí alámòójútó ogún: bó bá fi owó olóògbé ṣòfò, àpò ara rẹ̀ ni wọn ó ti gbà á padà, kò sì sí owó iṣẹ́ fún un àfi tí ìwé ìhágún tàbí ilé-ẹjọ́ bá sọ pé kó gbà á. Wàhálà ibẹ̀ ni pé alábàárù yìí sábà máa ń ní iṣu tirẹ̀ nínú agbọ̀n kan náà, torí àrẹ̀mọ ni ọ̀pọ̀ bàbá ń yàn. Òfin ò ka ìyẹn léèwọ̀. Àwọn àbúrò ni ọkàn wọn kì í balẹ̀.

Ti ilé-ẹjọ́ gíga ò gùn lọ títí. Alámòójútó kó ìwé ìhágún àti ìwé ẹ̀rí ikú lọ sí ọ́fíìsì próbéètì, ibi tí wọ́n ti ń fàṣẹ sí ìwé ìhágún, ó ka ohun ìní sílẹ̀, ó sanwó, ó dúró. Ẹni tó bá ní àtakò á kọ̀wé wá. Báǹkì ò ní dá a lóhùn kí ìwé àṣẹ tó jáde. Bó bá jáde, owó ìsìnkú àti gbèsè ló ń ṣáájú, ìgbà yẹn ni ogún tó kàn. Owó tí àwọn ayálégbé ń san, àkáǹtì ogún ló yẹ kó wọ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fipá mú un pín ogún kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ikú, ṣùgbọ́n ẹni tí ogún kàn lè ní kí ilé-ẹjọ́ bi í ní ìṣirò. Àbí kí ló dé tí kò lè máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sórí bébà kan lóṣooṣù, kó fi han gbogbo wọn?

Ibi tó dùn jù ni ibi tí ìwé ìhágún bá ti dákẹ́. Ilẹ̀ ẹbí ò lè sí níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè há ohun tí kì í ṣe tòun nìkan. Ṣùgbọ́n ká ní bàbá ti kọ ìwé rẹ̀ kó tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí Ìgbọ̀nà, tí kò sì fi "gbogbo ohun tó bá kù" kún un. Ọwọ́ àṣà ni ṣọ́ọ̀bù yẹn bọ́ sí nìyẹn. Ká ní wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 24 náírà, ìyàwó mẹ́ta ló wà: ìyáàlé bí márùn-ún, ìkejì bí méjì, ìkẹta bí ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìyẹn kí wọ́n pín in dọ́gba fún gbogbo ọmọ, mílíọ̀nù 3 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, ìyẹn kí wọ́n ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti ọmọ rẹ̀ sí ìdí kan, mílíọ̀nù 8 ni ìdí kọ̀ọ̀kan: ọmọ ìyáàlé á gba ₦1,600,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ìkejì á gba mílíọ̀nù mẹ́rin-mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo á gbé odindi mílíọ̀nù 8.

Ẹni tí ìṣirò yìí bá ká lára á ní ìdí-igi ti di ayé àtijọ́. Kò tíì dà á. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, lórí ogún ọkùnrin Èkó kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, Adájọ́ Jibowu fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé-ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ yí i padà ní 1958, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ àṣekágbá fún Nàìjíríà nígbà náà, sì fọwọ́ sí ìyípadà náà ní 1962: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí iye tó kàn wọ́n.

Ọgbọ́n wà nínú ìdí-igi, torí kò jẹ́ kí ìyàwó fi ọmọ bíbí sáré ogún. Àbùkù rẹ̀ ni pé orí ìyàwó ni wọ́n fi ń ka ìdí, ìyàwó fúnra rẹ̀ ò sì ní gba kọ́bọ̀. Èyí tí kò bímọ ò tilẹ̀ ní ìdí. Bó bá jẹ́ àwọn àlùfáà ló pín in ní ìlànà Mùsùlùmí, tí ọmọ wà nílẹ̀, àwọn ìyàwó á jọ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù tún ní ìṣirò tirẹ̀, tó fi ti ìyàwó sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀ nìkan, inú ìwé ìhágún ọkọ rẹ̀ ni ìpín rẹ̀ sábà máa ń ti wá.