"W" tí ẹnu kì í pè: ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi "wr" bẹ̀rẹ̀

Gbogbo ẹni tó ti kọ àpèkọ rí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ ìyà tí "w" iwájú "write" fi ń jẹ ọmọdé. Ẹnu kì í pè é, etí kì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, báírò pupa ń bọ̀ lórí ìwé rẹ̀ nìyẹn. Ohùn gidi ni lẹ́tà yìí nígbà kan. Ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a ká ètè jọ pe "w" náà kí wọ́n tó mú "r" wá, ìṣesí ọwọ́ kan pàtó sì ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó gbé e dání ń sọ.

Ẹ mú aṣọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan tán. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di etí kan mú, ẹ fi òsì di ìkejì, kí ẹ wá lọ́ ọ títí omi yóò fi máa ro. "Wring" nìyẹn. Ibi tí ọwọ́ ti yí nígbà tí ẹ ń ṣe é, ìyẹn ọrùn ọwọ́, ni "wrist". Òdòdó tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí òṣùká, tí wọ́n ń gbé sórí sàréè, ni "wreath". Kí ìrora mú ara máa lọ́ ni "writhe". "Wrestle" ni ìjàkadì, ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn lọ́ nǹkan gbà ló sì ti yọ. Ẹni tó bá ti wo ìjà gídígbò rí mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu. Mọ̀lẹ́bí ni gbogbo wọn. Kódà "wrench", tó ti di irin tí mẹ́káníìkì fi ń tú nọ́ọ̀tì, ẹ̀tàn àti àrékérekè ni "wrenc" jẹ́ láyé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: ọ̀rọ̀ tí wọ́n lọ́ po kí ẹni tó ń gbọ́ ọ má baà mọ ibi tó ń lọ.

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé "wrong" wá. Ní ọdún 793 ni àwọn Viking láti àríwá Yúróòpù kọlu ilé àwọn mọ́ńkì ní erékùṣù Lindisfarne. Nígbà tó yá, wọn kò kàn ń kó ẹrù lọ mọ́. Wọ́n tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn England, wọ́n dáko, wọ́n bímọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wọ inú èdè tí wọ́n bá nílẹ̀. Ohun tó wọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn yìí túmọ̀ sí, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sórí ìwà. "Right" ní tirẹ̀ ni ohun tó tọ́ gbọnrangandan.

Mo máa ń dúró ronú níbí, torí pé Yorùbá kò yá èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Tọ́" tí a ń sọ nípa igi ló wà nínú òtítọ́, òun ló wà nínú ẹ̀tọ́. Bí wọ́n bá sì ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, orí ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni ojú ń rí, ọ̀rọ̀ ìlú ni ẹnu ń sọ. Àwọn Faransé náà mú "tortus" ti Látìnì, ohun tí a lọ́, wọ́n sọ ọ́ di "tort", àìtọ́. Lẹ́yìn tí William ará Normandy gba England ní 1066, ọ̀rọ̀ náà wọ ilé ẹjọ́ ibẹ̀. Ara òfin England sì ni púpọ̀ nínú òfin Nàìjíríà ti jáde, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin wa fi ń ka "Law of Tort" títí dòní.

"Write" ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Kéèyàn fi ohun mímú ha nǹkan ni "writan" jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, kò mọ íǹkì rárá. Àpótí kékeré kan wà ní British Museum ní London tí wọ́n ń pè ní Franks Casket. Egungun àbùùbùtán ni wọ́n fi ṣe é ní nǹkan bí 1300 ọdún sẹ́yìn, àwọn lẹ́tà ìgbàanì tí wọ́n ń pè ní "rune" sì wà ní etí rẹ̀, gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà níwájú àpótí ń sọ nípa ẹja ńlá tí omi òkun gbé jù sórí ilẹ̀, ó sì sọ pé egungun àbùùbùtán nìyí. Ẹni tó kọ ọ́ ń kọ ìtàn ẹja sára egungun ẹja náà gan-an! Àwa náà ń kọ ìwé, a sì ń kọ ilà. Olóòlà tó fi abẹ kọ àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ àti akọ̀wé tó mú gègé, "kọ" kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Nígbà tí ìwé dé Jámánì, ọ̀rọ̀ Látìnì ni wọ́n yá, ó di "schreiben". Gẹ̀ẹ́sì di èyí tó fi ń gbẹ́ egungun mú.

Kì í ṣe gbogbo "wr" ló ń lọ́ nǹkan o. "Wright" inú "playwright" kò bá "write" tan. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ọmọ ìyá "work" ni, "r" ló fò síwájú. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe Wọlé Ṣóyínká ní "playwright", wọ́n ń sọ pé ó kan eré bí káfíńtà ṣe ń kan àga. "Wretch" ni ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú: ní England ó di ẹni ìkáàánú, ní Jámánì, "Recke", tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, di akọni inú ìtàn.

William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster ní 1476, nígbà tí "w" ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1700, ó ti kú lẹ́nu àwọn ará London, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ ọ́, kó lọ sí àríwá ìlà-oòrùn Scotland, níbi tó ti di "v" nínú èdè ìbílẹ̀ wọn. "Vrang" ni ohun tí kò tọ́ níbẹ̀, "vrite" ni ìwé kíkọ, káfíńtà sì ń jẹ́ "vricht".