Ojú méjì ni a fi ń wọn ìkúukùu orí yìnyín

Ìbéèrè tí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sábà máa ń bi onímọ̀ ojú ọjọ́ ni pé: sátẹ́láìtì ṣáà wà lókè, kí ló tún dé tí ẹ ń gbé bààlú lọ wọn ìkúukùu ní ìpẹ̀kun àríwá ayé?

Ìkúukùu tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kì í ga; ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà kan tàbí méjì lọ sókè òkun. Funfun ni, funfun náà sì ni yìnyín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kámẹ́rà lásán kò rí ààlà wọn. Rédà (ẹ̀rọ tó ń ju ìgbì rédíò sí nǹkan, tó sì ń gba èyí tó padà) ti sátẹ́láìtì CloudSat, tí wọ́n gbé lọ sókè ní 2006 tó sì parí iṣẹ́ ní 2023, kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan nínú nǹkan bíi kìlómítà kan tó sún mọ́ ilẹ̀ jù, torí pé ìgbì tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dá padà máa ń bo ti ìkúukùu mọ́lẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ojú rẹ̀ ti fọ́.

Ìṣòro kejì wà nínú ìkúukùu fúnra rẹ̀. Omi àti yìnyín máa ń gbé pọ̀ nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀kán omi tín-ín-tín lè tutù kọjá òdo láìdì, títí dé nǹkan bíi 38 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó jẹ́ omi ló sì ń dá ooru padà sí ilẹ̀ jù, ní àgbègbè tó ń yára gbóná ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n gbogbo ayé lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó jẹ́ omi àti èyí tó jẹ́ yìnyín kò tíì wọn nǹkan kan.

Ní Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Kẹfà 2017, bààlú Polar 5 àti Polar 6 ti ilé ìwádìí Alfred Wegener ní Jámánì gbéra láti Longyearbyen ní Svalbard, erékùṣù Norway ní ìpẹ̀kun àríwá, fún iṣẹ́ yìí. Ara DC-3, bààlú tó kọ́kọ́ fò ní 1935, ni wọ́n ti tún wọn kọ́. Àgbà ni, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń rọra fò, ó sì lè balẹ̀ lórí yìnyín. Polar 6 ń wọ inú ìkúukùu lọ. Polar 5 ń fò lókè rẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, ó ń wo ìsàlẹ̀.

Ojú kìíní tí Polar 5 fi ń wò ni láídà. Ó ń ju ìmọ́lẹ̀ lésà sílẹ̀, ó sì ń ka àkókò tó fi padà. Bí ó bá padà lẹ́yìn ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ́nà 20, ọ̀nà kìlómítà mẹ́ta ló bá dé, nítorí àlọ àti àbọ̀ ni a kà. Ìmọ́lẹ̀ lésà ń mì sí apá kan ṣoṣo. Ẹ̀kán omi rí róbótó, kì í yí apá náà padà. Ẹ̀rún yìnyín ní igun, ó ń yí i. Ohun tí a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn méjì. Nínú omi tó ki, ìmọ́lẹ̀ máa ń ta láti ẹ̀kán kan sí òmíràn kó tó padà, omi a wá fara jọ yìnyín. Ní ìdàkejì, ẹ̀rún yìnyín pẹlẹbẹ tó nà gbalaja nínú afẹ́fẹ́ ń tan bíi dígí, a sì ń pè é ní omi. Torí èyí ni wọ́n fi tẹ láídà sátẹ́láìtì CALIPSO síwájú ní ìwọ̀n (dígírì) 3 ní Oṣù Kọkànlá 2007, dípò 0.3 tó wà tẹ́lẹ̀.

Láídà kì í sì lọ jìnnà nínú omi. Ẹni tó ti tan iná ńlá ọkọ̀ nínú kùrukùru àárọ̀ lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ bẹ́ẹ̀: ojú awakọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń padà sí.

Ojú kejì ni rédà, ní gigahertz 94 (ìgbì tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 94 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ó ń la ìkúukùu náà kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun ńlá nìkan ló gbà lọ́wọ́: ohun tó fẹ̀ ju òmíràn lọ ní ìlọ́po 10 ń dá ìgbì padà ní ìlọ́po 1,000,000. Ẹ̀rún yìnyín díẹ̀ lè bo àìmọye ẹ̀kán omi mọ́lẹ̀. Ibi tí láídà bá ti ké pé omi nìyí, tí rédà sì dákẹ́, omi ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí omi àti yìnyín jọ wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Wọ́n tẹ rédà Polar 5 sẹ́yìn ní ìwọ̀n 25 kí ìgbì tó ń padà láti orí òkun má baà fọ́ ọ lójú (síbẹ̀, mítà 150 tó kẹ́yìn kò ṣeé gbára lé). Láti òkè kìlómítà mẹ́ta, ojú rédà ń bọ́ sórí ilẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 1.4 lẹ́yìn ibi tí láídà ń wò. Bí bààlú bá ń sáré mítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 20 ló wà láàárín wọn. Ní orí ìkúukùu tó ga tó mítà 500, ó dín sí 17. A gbọ́dọ̀ sún dátà rédà kó bá ti láídà mu, ṣùgbọ́n a kò lè fi ẹyọ nọ́ńbà kan sún gbogbo rẹ̀; gíga kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹni tó bá gbójú fo èyí yóò máa rí ìkúukùu tí kò sí níbì kankan láyé.

Ìwọ̀n bí yìnyín ṣe ń já bọ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ṣi ìtẹ̀sí bààlú kà ní ìwọ̀n 1 péré, àṣìṣe tó nǹkan bíi mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ yìnyín kékeré fúnra rẹ̀ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Àkókò tí bààlú bá ń yí, a kàn ń ju dátà rẹ̀ nù.

Ẹ̀rọ kan tún wà tí kì í ju nǹkan kan sílẹ̀, tó kàn ń gba ìtànṣán tí omi ń tú jáde ní gigahertz 89, láti fi mọ iye omi tó wà nínú ìkúukùu. Lórí òkun ṣíṣí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí ìtànṣán òkun kò pọ̀. Lórí yìnyín òkun, ìsàlẹ̀ náà ń tàn, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn. Kí bààlú tó gbéra, a ń fi ohun méjì tí a mọ ooru wọn tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe: ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́, èkejì tí a rì sínú náítírójìn olómi, tó tutù tó 196 lábẹ́ òdo. Ìrì tó bá ṣẹ̀ sí ojú fèrèsé ẹ̀rọ náà ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. A tún ń ju ẹ̀rọ kékeré oníparáṣúùtù sílẹ̀, tó ń ka ooru, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bọ̀ wá sísàlẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún.

Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje 2016, àwọn oníwádìí DACCIWA (iṣẹ́ ìwádìí lórí ìkúukùu àti afẹ́fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) fi Lomé ní Tógò ṣe ibùdó bààlú mẹ́ta, wọ́n sì to ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Kumasi ní Gánà, Savè ní Benin àti Ilé-Ifẹ̀, láti wọn ìkúukùu tó ń bo ilẹ̀ wa láti òru dé ìyálẹ̀ta ní àsìkò Agẹmọ. Èyí rọrùn níbì kan: afẹ́fẹ́ tó tutù tó òdo kò sí nísàlẹ̀ kìlómítà mẹ́rin àbọ̀ sí márùn-ún lókè Ìjẹ̀bú, nítorí náà omi ni gbogbo ìkúukùu tó fara mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, eruku Sàhárà ní igun, ó ń yí apá ìmọ́lẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí yìnyín ṣe ń ṣe. Bí láídà bá wí pé yìnyín wà ní kìlómítà méjì lókè Ìkẹ́nnẹ́ ní Oṣù Kíní, ooru ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.