Fífi kábúrétọ̀ sórí ẹ́ńjìnnì òde òní nínú kit car àtijọ́: kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé àwọn ti gbé Zetec sínú kit car àwọn, pé orí kábúrétọ̀ ló sì wà, ohun tí wọ́n ń wí ni pé wọ́n mú ẹ́ńjìnnì Ford kan tí kọ̀ǹpútà ń darí epo àti iná rẹ̀, wọ́n yọ nọ́súlù tó ń fún epo kúrò, wọ́n sì fi kábúrétọ̀ dípò. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kábúrétọ̀ bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà ti jáde nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣe, ọ̀kan péré ni kábúrétọ̀ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kit car ni ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní ẹ̀yà ẹ̀yà: férémù irin, ara ọkọ̀, àti ìwọ̀nba nǹkan mìíràn. Ẹni tó rà á ló máa wá ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti irin abẹ́ láti ara ọkọ̀ àlòkù, tí yóò sì tò ó fúnra rẹ̀. Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde lọ́dún 1957 ló sọ irú ọkọ̀ yìí di ìlúmọ̀ọ́ká. Nígbà náà, owó orí tí ìjọba Britain ń gbà lórí odindi ọkọ̀ tuntun kì í kan èyí tí èèyàn bá tò fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí VAT fi dé lọ́dún 1973. Àwọn bíi Dutton ti ìlú Worthing tẹ̀ lé e, wọ́n ń lo irin abẹ́ Ford Escort. Àwọn ẹ́ńjìnnì Ford ìgbà náà ló wà nínú wọn, bíi Pinto lítà 2 tó ń mú nǹkan bíi horsepower 100 wá nígbà tó ṣì lágbára. Àwọn yẹn ti darúgbó. Zetec tí Ford lò nínú Mondeo àti Focus pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀, fáàfù 16 ló ní, èyí tó jẹ́ lítà 2 sì ń mú nǹkan bíi horsepower 130 wá láì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi nọ́súlù rẹ̀ sílẹ̀? Táǹkì epo wà lára ohun tó fà á. Nọ́súlù ń fẹ́ kí páǹpù máa ti epo ní nǹkan bíi bar 3 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí páǹpù fi ń ti epo) láìdáwọ́ dúró, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù sì gba páìpù mìíràn padà. Táǹkì kit car àtijọ́ kì í sábà ní páìpù ìpadà, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó ń dá epo dúró lójú kan. Bí epo bá lọ sílẹ̀ tí awakọ̀ wá fi eré yí kọ́nà, epo á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, páǹpù á fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójijì. Kábúrétọ̀ ní abọ́ epo tirẹ̀ lára, ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ tó láti fi jáde kúrò nínú kọ́nà náà.

Òfin èéfín náà tún wà níbẹ̀. Nínú àyẹ̀wò MOT tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ní Britain, ìgbà tí ọkọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sójú títì ló ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín oṣù August 1975 sí July 1986 lè tú carbon monoxide jáde dé ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé wọn, kí ìgbà kátálíìsì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde) tó dé, kò gbọ́dọ̀ kọjá 3.5. Kábúrétọ̀ tí wọ́n tò dáadáa lè bọ́ nínú èyí láìsí wàhálà. Kò lè bọ́ nínú àyẹ̀wò ti ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ ní kátálíìsì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kit car àtijọ́ tó ti ní ìwé tirẹ̀ tipẹ́ ni irú iṣẹ́ yìí bá mu jù.

Kábúrétọ̀ jẹ́nẹ́rétọ̀ ilé yín àti Weber DCOE tí wọ́n ń lò níbí, ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí pístìn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀nà kan tí àárín rẹ̀ fún. Afẹ́fẹ́ á yára níbi tó fún yẹn, bó sì ṣe ń yára ni agbára tó fi ń ti nǹkan ń dín kù. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí epo nínú abọ́ kò yára, agbára rẹ̀ kò dín kù, òun ló máa wá ti epo gba ihò kékeré tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì jáde. Bí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá bá pọ̀ sí i, epo tó ń bá a lọ á pọ̀ sí i. Kò sí wáyà kankan níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí Edoardo Weber dá sílẹ̀ ní Bologna, nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1923 ló ṣe DCOE. Ó máa ń dùbúlẹ̀ ni, kì í dúró, ẹnu méjì ló sì ní. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin á gba méjì, a jẹ́ pé sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀ tí kò bá èkejì pín. DCOE 45 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún Zetec lítà 2: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 45 mm níbi tí throttle (àwo tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀) wà, ibi tó fún nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní choke, sì sábà máa ń jẹ́ 34 sí 36 mm. Choke náà ṣeé pààrọ̀, ibẹ̀ sì ni mo rí i pé ojúkòkòrò ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Wọ́n á ra èyí tó tóbi nítorí horsepower, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kì í yára tó nínú rẹ̀ láti fa epo nígbà tí ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, ni ọkọ̀ á bá máa kọ́sẹ̀ láàárín ìlú. Ní ti jẹ́ẹ̀tì, choke lọ́nà mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: 36 á di 144, wọ́n á mú jẹ́ẹ̀tì 145, ìyẹn ihò tó fẹ̀ tó 1.45 mm.

Ọ̀rọ̀ epo parí síbẹ̀. Iná ńkọ́?

Dístríbútọ̀ ló ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, irin àti sípíríǹgì inú rẹ̀ ló sì ń mú kí iná tètè wá bí eré bá ń ga sí i. Zetec kò ní ibi tí wọ́n ń ki dístríbútọ̀ bọ̀. Ohun tó ní ni eyín tí wọ́n gé sí ara flywheel, ìyẹn àwo irin ńlá tó wà lẹ́yìn kíráńkì (ọ̀pá tí pístìn ń yí): ààyè eyín 36, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀kan nínú wọn. Láti eyín kan dé èkejì jẹ́ dígírì 10. Sẹ́ńsọ̀ ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá, àlàfo tó ṣófo yẹn ló fi ń mọ ibi tí pístìn dé. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, á wá sọ fún kọ́ìlì ìgbà tí yóò ṣáná, pílọ́ọ̀gì méjì lẹ́ẹ̀kan náà: 1 pẹ̀lú 4, 2 pẹ̀lú 3. Ọ̀kan nínú méjèèjì á bá epo àti afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀. Ti èkejì á bọ́ sínú èéfín tó ń jáde lọ, kò ní pa á lára.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni kíráńkì ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, iná lè wá ní dígírì 10 sí 15 kí pístìn tó dókè. Nígbà tí eré bá ga, á fẹ́ tó nǹkan bíi 30. Kábúrétọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa èyí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ra brain box tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iná nìkan, bíi Megajolt tó ń bá módù iná EDIS ti Ford ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ mọ eré ẹ́ńjìnnì, ó sì fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ti tẹ̀ tó. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n dè mọ́ ìdí throttle ni ọ̀pọ̀ fi ń sọ ìkejì yìí fún un, torí pé ìfà afẹ́fẹ́ nínú ẹnu mẹ́rin tó dá wà kì í dúró sójú kan tó láti wọ̀n.

Páǹpù ni mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ mú gidigidi. Bar 3 ti nọ́súlù lé ní psi 40 (psi náà jẹ́ òṣùwọ̀n agbára ìtì bíi bar). Weber kò fẹ́ ju nǹkan bíi psi 3 lọ. Bí wọ́n bá fi páǹpù nọ́súlù sílẹ̀, abẹ́rẹ́ kékeré tó ń dí ẹnu abọ́ kábúrétọ̀ kò lè dá epo dúró, epo á kún, á sì máa dà sórí irin tó ń gbóná, lábẹ́ ara ọkọ̀ tó jẹ́ fáíbà. Ẹ pààrọ̀ páǹpù, kí ẹ sì fi régúlétọ̀ sí i. Ẹ má ṣe de kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì gbagidi pẹ̀lú, rọ́bà ló yẹ kó wà láàárín wọn, nítorí ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì máa ń mú epo inú abọ́ yọ fóòmù.

Ti irin kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Zetec máa ń dábùú nínú Mondeo, iwájú ló ń fà. Kit car fẹ́ kó nàró, kí ẹ̀yìn máa tì. Wọ́n á pààrọ̀ sọ́ǹpù ọ́ìlì, wọ́n á fi béárìnì kékeré sí ìdí kíráńkì fún ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì, wọ́n á sì yí ọ̀nà omi padà, torí pé ibi tí omi ti ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì á máa gbún ògiri iwájú awakọ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà wọ̀nyí fún títà pọ̀ ní Britain.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ lo sẹ́ńsọ̀ tó ń ka èéfín nínú sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Bí awakọ̀ bá tẹ throttle dópin, nǹkan bíi afẹ́fẹ́ 12.5 sí 13 sí epo 1 ni kí ẹ máa wá. Kọ́kọ́ tún epo ṣe kí o tó fọwọ́ kan máàpù iná (àkọsílẹ̀ inú brain box tó ń sọ ìgbà tí iná máa wá), torí pé epo tí kò tó máa ń jẹ́ kó dà bíi pé iná ló ń wá lásìkò tí kò yẹ.